Fífa tírélà sọ̀kalẹ̀ òkè: ṣé gíà ni ká fi mú un àbí bíréèkì?

MísàIléṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ rẹ́ńtà ni mò ń ṣe n'Íléṣà níbí, kọnkéré mísà àti jẹnẹrétọ̀ ni mò ń gbé fáwọn bírìkìlà. Hilux dísù mánúà ni mo fi ń fa tírélà kékeré tí mísà wà lórí ẹ̀, tírélà ọ̀hún ò ní bíréèkì tiẹ̀, Hilux nìkan ló ń dá gbogbo ẹ̀ dúró. Tó bá jẹ́ Ifẹ̀ tàbí Òṣogbo ni mò ń lọ kò síṣòro kankan. Àmọ́ iṣẹ́ ti ń wọlé láti Adó-Èkìtì báyìí, ọ̀nà Ìtawurẹ sí Ẹ̀fọ̀n sí Àrámọkọ ni mò ń gbà, ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé òkè ni, kọ́nà lórí kọ́nà. Tí mo bá ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n tí mò ń sọ̀kalẹ̀ sí Ìtawurẹ, kí n tó débi tó tẹ́jú òórùn bíréèkì á ti gba gbogbo inú mọ́tò, pẹ́dàlì á sì ti rọ̀ lẹ́sẹ̀ mi, màá tẹ̀ ẹ́ á lọ sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Dírẹ́bà kan ní gáréèjì ní kí n máa fi sí fírì, kó má wà nínú gíà kankan, kí ẹ́ńjìnnì sinmi kí dísù má jó. Mẹkáníìkì mi ní láéláé, gíà kejì ni kí n fi mú un. Ẹlòmíì tún ní gíà kejì á bá mi já ẹ́ńjìnnì. Àbúrò mi ló máa ń jókòó tì mí lọ síbi iṣẹ́ o, ẹ̀mí méjì ló wà nínú mọ́tò yẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kó jọ̀ọ́ là mí lóye.

BàbáLórí911:
Àbúrò, ẹni tó ní kó o fi sí fírì yẹn, má gbọ́ tiẹ̀ láé. Mo tún un sọ, láé.

Mo wa lọ́rì 911 kí n tó bọ́ sórí MAN Diesel, iṣu àti ànàmọ́ Jos la máa ń kó wá sí Bódìjà n'Íbàdàn. Gbogbo ẹni tó rin ọ̀nà yẹn ló mọ Hawan Kibo, òkè tí wọ́n ń bá sọ̀ láti Jos sọ́nà Akwanga. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 ju orí òkun lọ, èyí tó pọ̀ nínú gíga yẹn wàá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó ń tì ẹ́ lẹ́yìn. Ohun tí àwọn ọ̀gá mi fi kọ́ mi níbẹ̀ ni pé orí òkè la ti ń mú gíà, wọn kì í mú un láàárín òkè. Kó o tó débi tí ọ̀nà ti dorí kodò, kó o ti dín eré kù, kó o ti wọ gíà tó o fẹ́ lò, kó o ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì pé ó ti gbá a mú. Tó o bá dúró dìgbà tí eré ti gbé ẹ tó o wá ń wá gíà, mọ́tò tó gbẹ́rù gíà ò ní wọlé mọ́, wàá tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ti jáde, èyí tó o fẹ́ ń ké gììrì ó kọ̀ kò wọlé, o ti bára ẹ ní fírì láìrò tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ẹrù ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ọ̀pọ̀ àwọn tó bọ́ sí kòtò ṣe débẹ̀ nìyẹn o, ẹni tó bá yọ nínú wọn ló máa ń sọ fún wa.

Èwo ni gíà tó tọ́? Àwọn àgbà máa ń sọ pé gíà tó o fi gun òkè náà ni kó o fi sọ̀ ọ́. Ó dáa, ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò ayé òde òní rọ̀ lẹ́sẹ̀ ju tàtijọ́ lọ, ó ń yọ̀ lọ ni, nítorí náà tó bá ti lẹ́rù lẹ́yìn tún sọ ọ́ kalẹ̀ sí i. Tó o bá ti wọ gíà tó o sì rí i pé ò ń tẹ bíréèkì ṣáá, gíà yẹn ti ga jù.

MísàIléṣà:
Bàbá ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń fi sí fírì? Mo ń rí àwọn tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà tó ń ṣe é.

BàbáLórí911:
Nítorí dísù ni. Ọlọ́kọ̀ á ka dísù fún dírẹ́bà, dírẹ́bà á wá ibi tó ti máa rí díẹ̀ yọ nínú ẹ̀, ó rò pé tí ẹ́ńjìnnì ò bá ké kò mu nǹkan. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń pa ẹ́ńjìnnì pátápátá! Tó o bá pa ẹ́ńjìnnì, sítíárì á le bí irin, kọ́ńpírẹ́sọ̀ tó ń pọn atẹ́gùn bíréèkì á dúró, èyí tó kù nínú táǹkì nìkan lo máa fi sọ̀ dé ilẹ̀, tí kò bá tó ńkọ́? Ọlọ́kọ̀ tó ń ka dísù ní lítà lítà fún dírẹ́bà, kó ronú sí èyí o.

MẹkáníìkìGbọ́ngán:
Bàbá ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ́ńjìnnì kún un, torí ọ̀rọ̀ dísù yẹn, irọ́ ni látilẹ̀.

Hilux tòde òní kọ̀ǹpútà ló ń fún un ní dísù. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù tí mọ́tò ṣì wà nínú gíà, tó ń sọ̀kalẹ̀, kọ̀ǹpútà á rí i pé táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, á ti dísù pa, kò ní kán ẹyọ kan sí sílíńdà. Tẹ́ ẹ bá wá yọ ọ́ sí fírì, ẹ́ńjìnnì ò rí ẹni yí i mọ́, ó ní láti mu dísù kó má bàa kú. Ẹni tó wà ní fírì gan-an ló ń jó dísù o. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń lo pọ́ǹpù náà kì í mu nǹkan tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ tí táyà ń yí i kọjá ààyè aídù, ìyẹn bó ṣe ń yí nígbà tí mọ́tò dúró tí ẹ ò tẹ tọ́rọ́tù.

Ìkejì, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń di mọ́tò mú. Ti pẹtiróòlù ní ìlẹ̀kùn kékeré lẹ́nu ibi tó ti ń fa atẹ́gùn, ẹ gbẹ́sẹ̀, ìlẹ̀kùn pa dé, písítìnnì ń fa, kò rí fà tó, làálàá yẹn ló ń dá mọ́tò dúró. Dísù kò fi bẹ́ẹ̀ ní èyí. Ó máa fa atẹ́gùn wọlé yó, ó máa fún un mọ́lẹ̀, àmọ́ tó bá fún un tán, atẹ́gùn yẹn náà á ti písítìnnì padà sísàlẹ̀, bí ìgbà tẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu fọ́ńpù kẹ̀kẹ́, ẹ tì í wọlé, ẹ jù ú sílẹ̀, ó ta padà sí yín lọ́wọ́. Ohun tó gbà, ó dá èyí tó pọ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí tírélà ńlá fi ní ẹ̀rọ tó ń ṣí fáàfù lójijì nígbà tí písítìnnì bá ti fún atẹ́gùn dé òkè, atẹ́gùn á tú dànù, kò ní rí písítìnnì tì padà mọ́. Ariwo tá-tá-tá-tá tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ lára àwọn Mack kan nìyẹn. Ti 911 àti MAN àtijọ́ yàtọ̀ díẹ̀, bọ́tìnnì wà nílẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó dí ọ̀nà èéfín pa, ẹ́ńjìnnì ń ti èéfín ara ẹ̀ kò rọ́nà jáde.

Hilux yín ò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìyẹn ni pé gíà ilẹ̀ lẹ gbójú lé, ẹ sì ní láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí dáadáa kó tó lè mú un. Àwọn kan á ní kí abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, wà nílẹ̀ ní 1,500 kó má ké, kò ní mú nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín 2,500 sí 3,500, ẹ jẹ́ kó ké, igbe yẹn kì í ṣe ti ìrora. Kó ṣáà má wọ ibi pupa. Tó bá ń súnmọ́ pupa ẹ tẹ bíréèkì kí eré wálẹ̀, ẹ má tẹ kúlọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó ní gíà kejì á já ẹ́ńjìnnì, ohun tó ń já a ni kẹ́ ẹ wà lórí 90 kẹ́ ẹ wá sọ gíà sí kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Táyà á yí ẹ́ńjìnnì kọjá agbára ẹ̀, fáàfù á lu písítìnnì, ó parí. Tó bá jẹ́ pé orí òkè lẹ ti wọ̀ ọ́ lórí 25 tàbí 30, kí ló fẹ́ já?

ẸníTóMọỌjà:
Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè. Bíréèkì páàdì wà lọ́jà, ká rà á ká pààrọ̀ ẹ̀, kò gbà wá lówó tó ẹ́ńjìnnì. Kí ló dé tá a fi máa fi ohun tó wọ́n pa ohun tí kò wọ́n mọ́?

MẹkáníìkìGbọ́ngán:
Ìbéèrè gidi ni, ọ̀pọ̀ ló ní in lọ́kàn. Tó bá jẹ́ páàdì jíjẹ nìkan ni, mi ò bá gbà fún yín. Ooru ni wàhálà. Mo máa ń ṣe ìṣirò yìí fáwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi: mọ́tò àti tírélà tó jẹ́ tọ́ọ̀nù 4 tó bá sọ̀kalẹ̀ mítà 200 lóòró, tó bá jẹ́ bíréèkì nìkan ló gbé gbogbo ẹ̀, ooru tó jáde tó láti sọ omi tútù kẹ́ẹ̀gì lítà 25 di omi híhó. Kẹ́ẹ̀gì odindi o, lára irin bíréèkì. Tírélà tọ́ọ̀nù 40 ní òkè kan náà, kẹ́ẹ̀gì 10. Níbo lẹ fẹ́ kí ooru yẹn lọ? Táa bá fi gíà mú un, ẹ́ńjìnnì á gbé èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ gba sàlẹ́ńsà àti rédíétọ̀ jáde, ohun tí wọ́n ṣe rédíétọ̀ fún náà nìyẹn.

Tí bíréèkì bá gbóná jù, láínìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ dípò kó dì í mú. Dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn á wú, á sún kúrò lára ṣúù, ṣúù á máa wá a. Ti Mísà yìí tó ní pẹ́dàlì ń rọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi látinú atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3, tó bá jẹ́ tuntun, kì í hó àyàfi tó bá tó 205°C, àmọ́ tó bá ti fa omi mu, ní 140°C ó lè ti máa hó. Tó bá hó ó di atẹ́gùn inú páìpù, ẹ máa tẹ pẹ́dàlì dé ilẹ̀ kò ní sí nǹkan kan. Nítorí náà ọ̀gá Mísà, kẹ́ ẹ tó tún gba Ẹ̀fọ̀n lọ, ẹ fa gbogbo ọ́ìlì bíréèkì yẹn dànù, ẹ fi DOT 4 tuntun sí i, kí wọ́n fa atẹ́gùn inú ẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa fi sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

ẸníTóMọỌjà:
Ó yé mi wàyí. Ẹ ṣé ọ̀gá.

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́Denver:
Ẹ kú ìjókòó o. Colorado ni mò ń gbé, tírélà ẹlẹ́sẹ̀ 18 ni mò ń wà, ọmọ Yorùbá tó ń wa tírélà ní Amẹ́ríkà níbí pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀nà I-70 tó ti orí òkè Rocky wá sí Denver ni mò ń rìn jù. Láti ihò Eisenhower tó ga tó mítà 3,400 títí dé Denver tó wà ní nǹkan bíi 1,600, ẹ wo bó ṣe jìnnà tó. Gbogbo ohun tí Bàbá sọ nípa Hawan Kibo, òun náà ni wọ́n kọ sínú ìwé tá a kà kí wọ́n tó fún wa ní láísẹ́ǹsì: mú gíà kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, má gbìyànjú àti sọ gíà kalẹ̀ nígbà tí eré bá ti pọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbẹ́sẹ̀ lé e pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ látòkè dé ilẹ̀, wọ́n rò pé ìyẹn ló tutù, ìyẹn gan-an ló ń sè é. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé kó o mú eré kan tó dáa fún òkè yẹn, ká ní 40 lórí mítà, jẹ́ kí gíà mú un. Tó bá ti kan 40, tẹ bíréèkì gidi, kó o mọ̀ lára pé mọ́tò dín eré, títí yóò fi bọ́ sí 32 tàbí 30, kó o wá gbẹ́sẹ̀ kúrò PÁTÁPÁTÁ. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i títí tó fi padà kan 40, tún un ṣe. Tó o bá rí i pé kò pẹ́ rárá tó fi ń padà kan 40, gíà ẹ ga jù, ní ibi tó bá ti rọ̀ díẹ̀ dín eré kù gan-an, kó o wá sọ gíà kalẹ̀.

Níbí wọ́n ṣe ọ̀nà àsálà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà kún un, tí bíréèkì ẹ bá já kó o yà sínú ẹ̀, táyà á rì, mọ́tò á dúró. Ní oṣù kẹrin 2019, ọmọkùnrin kan tó gbé igi kọ́lé sọ̀kalẹ̀ I-70, bíréèkì já, ó kọjá ọ̀nà àsálà náà kò yà, ó lọ bá àwọn mọ́tò tí gosiló dá dúró ní Lakewood, èèyàn mẹ́rin ló kú. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 110 fún un ní December 2021, kí gómìnà tó dín in kù sí 10. Gbogbo wa tá à ń wa tírélà ní agbègbè yìí lọ̀rọ̀ yẹn dùn dé egungun, torí àti ìdílé àwọn tó kú àti ọmọ yẹn náà, kò sí ẹni tó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ fáàfù tí ọ̀gá mẹkáníìkì ṣàlàyé yẹn, ẹ mọ ẹni tó ronú kàn án? Clessie Cummins, òun tó ni orúkọ tó wà lára ẹ́ńjìnnì Cummins yẹn gan-an. Ní 1931 ó wà nínú tírélà tó ń lo ẹ́ńjìnnì ẹ̀, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ Cajon Pass ní California, bíréèkì ò mú mọ́, réluwéè sì ń kọjá nísàlẹ̀ òkè, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kọlù ú. Kò gbàgbé ẹ̀. Lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì ló ṣe ẹ̀rọ náà, ilé iṣẹ́ Jacobs bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1961, ìdí nìyẹn táwọn dírẹ́bà fi ń pè é ní Jake.

ÌyáKánópì:
Ẹ kú àlàyé o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà. Èmi náà ń ṣe rẹ́ńtà, kánópì àti ṣáláńgá alágbèéká fún òde àríyá, Highlander ọtòmátíìkì ni mo fi ń fà á. Gbogbo ọ̀rọ̀ gíà tẹ́ ẹ ń sọ yìí, témi D nìkan ni mo mọ̀. Mo lóde kan n'Ídànrè lọ́jọ́ Sátidé.

MẹkáníìkìGbọ́ngán:
Mà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ lífà gíà yẹn, ẹ máa rí 3, 2, L, tàbí S tó ní àmì + àti −. Kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀ ẹ dín eré kù, ẹ fà á kúrò ní D sí 3, tí kò bá mú un tó ẹ fà á sí 2. Tó bá jẹ́ S ni, ẹ máa tì í sí − ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí ẹ́ńjìnnì á fi ké díẹ̀ tí eré á sì dúró sójú kan. Èyí tó bá ní bọ́tìnnì O/D, ìyẹn ti gíà tó ga jù, ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ sí D, gíà á máa wá bó ṣe máa gòkè kó lè yọ̀ lọ, bíréèkì nìkan lẹ máa fi gbé e. Tẹ́ ẹ bá ti dé ibi tó tẹ́jú ẹ dá a padà sí D.

ÌyáKánópì:
Ó ti yé mi. Ṣé òjò ò ní yí i padà?

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́Denver:
Ó ń yí i padà mà. Ẹ́ńjìnnì kì í di gbogbo táyà mú, táyà tó ń fa mọ́tò nìkan ló ń dì mú, ti tírélà ń yí lọ lómìnira. Tí ilẹ̀ bá ń yọ̀, tó bá jẹ́ tírélà ńlá pàápàá tó ṣófo, tó o bá fi Jake mú un gidigidi, táyà ẹ̀yìn orí tírélà lè dá dúró kó máa yọ̀, tírélà á ti orí ẹ̀ yí, á ṣẹ́po. Nínú òjò àti yìnyín a máa ń pa Jake, àá kàn lo gíà tó wálẹ̀ àti eré díẹ̀. Ti Highlander yín, gíà dáa nínú òjò, kẹ́ ẹ má ṣáà sọ ọ́ kalẹ̀ lójijì láàárín kọ́nà. Ibi tí ọ̀nà ti tọ́ tí kò sí kọ́nà ni kẹ́ ẹ ti ṣe é.

Wẹ́dàỌ̀nàÌbòdì:
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń sọ ti mọ́tò, ta ló ń sọ ti tírélà? Èmi ni mo ń jó wọn pọ̀. Bẹ́ ẹ bá gbé mísà sí ẹ̀yìn tírélà jù, orí ìkọ́ á fúyẹ́, tó bá ń sọ̀kalẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì, yóò sì máa pọ̀ sí i. Ẹ gbé èyí tó wúwo síwájú ààsì, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, díẹ̀, kí ìkọ́ máa gbé nǹkan bíi ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jù, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má bá sítíárì jà, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù, ẹ di sítíárì mú gbọnyin.

Ẹ so ṣéènì méjì, kẹ́ ẹ gbé wọn kọ ara wọn lábẹ́ ìkọ́, tí ìkọ́ bá já wọ́n á gbé ẹnu tírélà kó má bàa gún ilẹ̀.

Ju gbogbo ẹ̀ lọ, tírélà tó ń gbé mísà àti jẹnẹrétọ̀ yẹ kó ní bíréèkì tiẹ̀. Kò yẹ kí ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ máa ti Hilux lẹ́yìn láìsí nǹkan tó ń dì í mú. Ààsì tòkunbọ̀ tó ní bíréèkì wà, èyí tó jẹ́ pé tí mọ́tò bá dín eré tí tírélà sì fẹ́ tì í, ìtì yẹn náà ló máa tẹ bíréèkì tírélà.

ỌmọÀkùngbá:
Ẹ ṣeun gan-an fún ọ̀rọ̀ yìí. Àkùngbá Àkókó ni mo ti kàwé. Ní January 2021 ọkọ̀ ńlá tó gbé sìmẹ́ńtì ya wọ àwọn èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kú. Àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tó ń bọ̀ láti Ọ̀bájánà gba Kábbà, àárín ìlú wa ni wọ́n ń gbà kọjá, òkè ló yí gbogbo Àkókó ká, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ sì wà nísàlẹ̀ òkè. Ẹ̀yin dírẹ́bà tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó wà nísàlẹ̀ yẹn ò mọ̀ pé ẹ wà ní fírì. Kò lè sá.

BàbáLórí911:
Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Òótọ́ lo sọ ọmọ mi. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ láti Kábbà dúró lórí òkè ṣáájú kó tó wọ Àkókó, kó sọ̀kalẹ̀, kí mọ́tò bọ́ì ẹ̀ fọwọ́ kan gbogbo rímù táyà, èyí tó bá tutù nígbà tí àwọn yòókù gbóná, bíréèkì ibẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí ibi kan bá ń tú atẹ́gùn, wọ́n á dí páìpù yẹn pa kí ọkọ̀ lè rìn, wọ́n á máa fi bíréèkì mẹ́rin ṣe iṣẹ́ mẹ́fà. Ọ̀ràn ńlá ni.

MísàIléṣà:
Tí bíréèkì bá wá já ńkọ́, Bàbá? Ká má rí i o, àmọ́ kí n mọ̀ ọ́n.

BàbáLórí911:
Ká má rí i. Ti Hilux tó ń lo ọ́ìlì, gbá pẹ́dàlì léraléra kíákíá, nígbà mìíì á padà dìde. Tírélà tó ń lo atẹ́gùn, MÁ gbá a, ńṣe lò ń da atẹ́gùn tó kù nù. Gíà tó o wà, má yọ ọ́. Tó bá ṣeé sọ kalẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, sọ ọ́ kalẹ̀, tí o kò bá dá a lójú dúró nínú èyí tó o wà. Háńdì bíréèkì, máa fà á díẹ̀díẹ̀, má fà á lẹ́ẹ̀kan. Fọn fèrè má dákẹ́, tan gbogbo iná. Má pa ẹ́ńjìnnì. Wá ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀ pupa tàbí igbó kékeré wà, jẹ́ kó ha ara ẹ̀ níbẹ̀, mísà á bàjẹ́, mọ́tò á bàjẹ́, kò burú. Ohun tó o bá rí kíákíá ṣe é, torí bó o bá ṣe ń dúró eré ń pọ̀ sí i.

Nǹkan kan tún kù. Tó o bá sọ̀ dé Ìtawurẹ tí bíréèkì gbóná, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu omi lé e. Mo rí i káàkiri, ọmọ gáréèjì á gbé kẹ́ẹ̀gì dé, ṣààà, irin gbígbóná á là. Wà á lọ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ. Tó o bá dúró, fi wẹ́ẹ̀jì há táyà, fi mọ́tò sí gíà, má fa háńdì bíréèkì nígbà tó ṣì ń gbóná.

MísàIléṣà:
Ẹ ṣé o Bàbá, ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti pe mẹkáníìkì mi, lọ́la àárọ̀ ló máa fa ọ́ìlì bíréèkì yẹn kúrò, mo sọ fún un pé DOT 4. Mo máa dá iṣẹ́ Adó ọ̀sẹ̀ yìí dúró, oníbàárà bínú díẹ̀ àmọ́ ó gbọ́. Ọ̀gá wẹ́dà, ààsì tó ní bíréèkì yẹn, níbo ni mo ti lè rí i? Ṣé ẹ lè jó o mọ́ tírélà tí mo ní, àbí àfi kí n ra òmíràn?

Wẹ́dàỌ̀nàÌbòdì:
Ó ṣeé jó mọ́ ọn, tí fúréèmù ẹ̀ bá ṣì le. Má kọ́kọ́ ra nǹkan kan. Wọn ìbú láti àárín táyà kan sí àárín èkejì, ka iye ìhò nọ́ọ̀tì tó wà lára rímù, kó o ya fọ́tò abẹ́ fúréèmù níbi tí sípírínnì ti so mọ́ ọn, gbé gbogbo ẹ̀ síbí. Tí mo bá ti rí i màá sọ èyí tó o máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀. Ìkọ́ iwájú náà á yí padà o, orí ìkọ́ tó ń ti bíréèkì yẹn yàtọ̀ sí èyí tó o ní.

MísàIléṣà:
Ó dáa. Ilẹ̀ ti ṣú báyìí, láàárọ̀ kí n tó gbé mọ́tò lọ fún mẹkáníìkì màá wọ̀n ọ́n, màá sì gbé fọ́tò síbí.